Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìràwọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́

Bàbá Àníkẹ́ (Apátá)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ni mo gbé wá o, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS2 ló kó o wọlé fún wa. Alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2025 tí òṣùpá yọ tó pọ́n rúsúrúsú yẹn, àwa náà jáde sí bákónì, ìkuukùu fẹ́ẹ̀ má jẹ́ ká rí i, nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago méje àbọ̀ ó là díẹ̀, a sì rí i kedere lápá ọ̀nà Dùgbẹ̀. Látìgbà yẹn ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Dádì, kí nìyẹn tó ń tàn yẹn, ṣé ìràwọ̀ ni àbí bàlúù, kí ló dé tí ìyẹn ò ṣẹ́jú bí àwọn tó kù. Mi ò mọ ọ̀kan nínú ẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, kì í tún ṣe torí tiẹ̀ nìkan mọ́ o, èmi gan-an kì í lè sùn báyìí kí n má kọ́kọ́ yọjú síta wo òkè.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé àwọn ẹgbẹ́ kan wà n'Ìbàdàn níbí tí wọ́n máa ń pàdé ní Sátidé láti wo sánmà. Ó wù mí kí n lọ ṣùgbọ́n mi ò ka fíṣíìsì, àkáǹtì ni mo kà, mi ò fẹ́ lọ jókòó sáàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí n máa wojú wọn. Ṣé dandan ni kéèyàn ti ra tẹlisikóòpù kó tó lọ? Mo rí ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ 675x gàdàgbà sára páálí ẹ̀, ẹni tó ń tà á ní ó máa gbé òṣùpá wá sí pálọ̀ mi. Mo tún ń rò ó pé pẹ̀lú iná ìgboro àti ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí, ṣé èèyàn tiẹ̀ lè rí nǹkan gidi n'Ìbàdàn, àti ọ̀rọ̀ ààbò náà, torí ọmọ ni mo fẹ́ mú dání. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là mí lóye.

Olùkọ́ Fíṣíìsì (Ọ̀jọ́ọ̀)

Bàbá Àníkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Mo wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ra nǹkan kan ná, ẹ kọ́kọ́ wá. Oríṣiríṣi tẹlisikóòpù ló máa ń wà lórí pápá lọ́jọ́ ìpàdé, ńlá àti kékeré, ẹ ó fojú sí gbogbo ẹ̀, ẹ ó mọ èyí tó bá yín lára mu, ẹ ó mọ èyí tẹ́ ẹ lè gbé gun àtẹ̀gùn ilé yín láìsí pé ẹ pe ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè sàtífíkéètì. Nínú àwọn tó mọ ìràwọ̀ jù láàárín wa, télọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ka fíṣíìsì rárá, kó ṣáà ti fi ìka hàn yín pé ibí yìí ni, ibẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa sánmà wa torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọyì ẹ̀. Ìbàdàn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ìwọ̀n 7 ó lé díẹ̀ ni sí àríwá ẹ̀. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń wòkè ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ tí a ò ní rí láàárín ọdún kan. Àgbájọ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Orion, tí àwọn ará London ń wò nísàlẹ̀ sánmà, àtàrí wa gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbà kọjá. Southern Cross, àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú, tí wọn ò lè rí láéláé láti ilé wọn, àwa ń rí i lápá gúúsù láàárín oṣù Kẹrin sí Kẹfà nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú Alpha Centauri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa jù lẹ́yìn oòrùn nínú àwọn tí ojú lásán lè rí, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń rìn fún ọdún 4 ó lé kó tó dé ojú wa. Àwọn tó ń wo YouTube máa ń wá bi mí pé Polaris, ìràwọ̀ àríwá, dà, wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún òyìnbó nìyẹn. Níbí, ẹsẹ̀ sánmà lápá àríwá ló wà, ilé àti igi ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹ gbàgbé ẹ̀, àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ láàárín Orion ni kẹ́ ẹ fi ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ ìyẹn, á fa ìlà ẹ̀ sápá kan dé Sirius, á fà á sápá kejì dé Aldebaran, lẹ́yìn ẹ̀ á bá àwọn ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ, Pleiades, a sì ti mọ̀nà nìyẹn.

Ilẹ̀ tún ń tètè ṣú níbí. Ní gbogbo ọdún, tó bá fi máa di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ sánmà ti dúdú, ọmọ á wòran tán á sì ráyè sùn.

Ìṣòro wa ni ojú ọjọ́. Látoṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá ìkuukùu ń dí wa lọ́wọ́, tí òjò bá sì ń lọ báyìí ọyẹ́ ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Ìgbà tó dáa jù ni àárín ìgbà tí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró àti ìgbà tí ọyẹ́ ò tíì le, ìyẹn àsìkò tá a wà yìí gan-an. Ìkejì ni nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá fọ eruku dànù lóṣù Kẹta sí Kẹrin. Òjò ọ̀sán tó dá kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ má jẹ́ kí irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá yín! Tí ọyẹ́ bá wá dé pátápátá, àwọn ìràwọ̀ tí ò mọ́lẹ̀ púpọ̀ ló ń pòórá, òṣùpá àti pílánẹ́ẹ̀tì ṣì ń hàn.

Ti iná ìgboro, òótọ́ ni, àárín Ìbàdàn mọ́lẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí wọ́n bá mú iná àdúgbò lọ lẹ́ẹ̀kan, òkè yí padà lójú ẹsẹ̀. Kéèyàn má ṣáà wo fóònù. Ojú nílò bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn dáadáa, fóònù téèyàn bá sì wò lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó di kó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Nálọ́ọ̀nù pupa la máa ń wé mọ́ tọ́ọ̀ṣì wa, ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ pupa kì í ba ojú jẹ́ tó funfun.

Èyí tí kì í ṣẹ́jú tí ọmọ yín ń wò lápá òkè nírọ̀lẹ́ ní ìparí ọdún 2025 yìí, ó jọ pé Saturn ni, pílánẹ́ẹ̀tì ni. Ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú torí ó jìnnà débi pé ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ló dé ọ̀dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ sì ń gbọ̀n ọ́n. Pílánẹ́ẹ̀tì súnmọ́, ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dúró jẹ́ẹ́. Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè gidi ló béèrè. Kẹ́ ẹ sì tètè sọ fún un pé òrùka Saturn ò ní rí bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀ lọ́dún yìí o. Lóṣù Kẹta 2025 ló dojú ẹ̀gbẹ́ kọ wá, ìlà tín-ín-rín ló ṣì jẹ́ báyìí, á máa là sí i lọ́dọọdún títí bíi 2032. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí ló máa rí i bó ṣe ń ṣí.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

Olùkọ́ ti sọ ti òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ torí èmi ni mò ń kó ọmọ lọ.

Bàbá Àníkẹ́, ibi tí wọ́n mọ odi yí ká tó ní géètì la máa ń lò. Wọ́n á ti sọ fún àwọn fijilanté àdúgbò àti alága láńlọ́ọ̀dù ṣáájú. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń sùn mọ́jú ni, kò sẹ́ni tó ń wakọ̀ kiri lóru, tẹ́ ò bá sì fẹ́ sùn ẹ ó ti kúrò kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ má dá lọ gbé nǹkan kalẹ̀ sétí títì tàbí inú pápá torí pé ibẹ̀ ṣókùnkùn o, ẹ má dán an wò. Kódà nínú kọ́ńpáùndù tiyín, páìpù dúdú tó wà lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta lóru, ẹni tó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán lè rò pé ìbọn ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kọ́kọ́ pe àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ wá wòṣùpá. Bàbá láńlọ́ọ̀dù wa tẹ̀ ba wò ó báyìí, bàbá ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń sọ pé "Ọlọ́run tóbi, Ọlọ́run tóbi," àwọn fúnra wọn ló ń bá mi pa iná ìta báyìí tí mo bá ti fẹ́ gbé e jáde.

Ẹ má dúró de òṣùpá àrànmọ́jú o, ìgbà yẹn ò dáa fún wíwò, gbogbo ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ láìsí òjìji. Ìgbà tó bá ń dàgbà bọ̀ tó di ìdajì ni kẹ́ ẹ wò ó. Lójú ìlà tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn, ẹ ó rí àwọn kòtò àti òkè tí òjìji wọn nà gbọọrọ, ẹ ó rí ṣóńṣó orí òkè kan tí oòrùn ti bà nígbà tí ìdí ẹ̀ ṣì wà nínú òkùnkùn, tẹ́ ẹ bá fi bíi wákàtí méjì padà wò ó ìmọ́lẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i lára òkè yẹn. Ìbejì mi máa ń jà lórí ẹni tó máa wo ìyẹn.

Pílánẹ́ẹ̀tì Jupiter ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ọmọ yín láti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Oṣù Kìíní tó ń bọ̀ yìí ló máa dáa jù, ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2026 ni ayé máa wà láàárín òun àti oòrùn, ìrọ̀lẹ́ ló máa yọ tá á sì wà lókè mọ́jú. Ẹ fún un ní ẹ̀sásááìsì kan, kó ya róbótó kékeré, kó sàmì sí ibi tí àwọn àmì mímọ́lẹ̀ mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kó kọ àkókò sí i, lọ́jọ́ kejì kó tún yà á. Wọ́n ti kúrò níbi tí wọ́n wà! Ohun tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, rí lọ́dún 1610 gan-an nìyẹn, àwọn òṣùpá Jupiter mẹ́rin, Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Io ò ju ọjọ́ kan àti nǹkan bíi wákàtí 18 lọ tó fi ń yí Jupiter po. Táíwò ló rí i pé ọ̀kan sọnù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ti lọ sẹ́yìn Jupiter, ó pariwo débi pé gbogbo ilé jáde.

Ẹ̀fọn ń bẹ o, ẹ wọ ṣòkòtò gígùn.

Alátùn-únṣe Kámẹ́rà (Dùgbẹ̀)

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ lẹ́ǹsì ni mò ń ṣe, ẹ fi páálí 675x yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ìlànà kan wà, ẹ wo fífẹ̀ dígí iwájú ní mìlímítà, ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, ìyẹn ni òpin iye tó lè fi gbé nǹkan tóbi kó ṣì mọ́ kedere. Èyí tí wọ́n fi hàn yín, tó bá jẹ́ 60mm bí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ṣe máa ń jẹ́, 120x ni òpin ẹ̀, ìyókù jẹ́ kìkì ìkuukùu. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló tún burú jù, ó máa ń gbọ̀n, ẹ ò tíì fọwọ́ kàn án tán òṣùpá ti sá kúrò níbẹ̀.

Bàínókúlà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, 10x50 tàbí 7x50. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye tó fi ń gbé nǹkan tóbi, ìkejì ni fífẹ̀ dígí iwájú. Tẹ́ ẹ bá rí 20x50 ẹ kọjá lọ, ọwọ́ èèyàn ò lè gbé e dúró jẹ́ẹ́. Tòkunbọ̀ dáa gan-an, àwọn tó jẹ́ ti ìgbà pípẹ́ ni dígí wọn tiẹ̀ máa ń dáa jù, ṣùgbọ́n ẹ mọ bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ dojú ẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀, ẹ wonú ẹ̀ láti iwájú, látibi dígí ńlá. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó ta bí okùn aláǹtakùn nínú ẹ̀, ó ti bu nìyẹn, ọ̀rinrin ló fà á, nílùú wa yìí á máa tàn kálẹ̀ ni. Ẹ wá jáde síta, ẹ wo òpó iná tàbí máàsì tó jìnnà. Òpó kan ló yẹ kẹ́ ẹ rí. Tó bá ń di méjì, tàbí tí ojú yín ń fà bí ẹ ṣe ń wò ó, ó ti ṣubú rí nìyẹn, ojú méjèèjì ò wo ibì kan náà mọ́, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ mì í létí náà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ kọ́lọ́kọ́lọ́ nínú ẹ̀ nǹkan ti já.

Nílé, ẹ má fi sínú báàgì aláwọ ẹ̀ nígbà òjò, inú kúlà tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn páálí sílíkà kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Nígbà ọyẹ́ ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nu eruku ẹ̀ o, eruku yẹn ní iyanrìn nínú, ẹ fẹ́ ẹ dànù ná, kẹ́ ẹ tó fi aṣọ lẹ́ǹsì tó tutù díẹ̀ kàn án.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wo òkè púpọ̀, ẹ tẹ́ ẹní kẹ́ ẹ sùn gbalaja, ẹ gbé ìgúnpá yín lé àyà. Ọwọ́ ò ní gbọ̀n mọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò ní dẹ́kun sísọ: ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn fi bàínókúlà tàbí tẹlisikóòpù wo oòrùn, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú á fọ́ ni. Àwọn páálí olówó pọ́ọ́kú yẹn tún máa ń ní gíláàsì dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ "sun" sí tí wọ́n ní kẹ́ ẹ dè mọ́bi ojú, ẹ jù ú nù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, ooru máa ń là á sí méjì nígbà tójú wà níbẹ̀.

Káyọ̀dé UI

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mi ò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n má ra tẹlisikóòpù. Ìpàdé ò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, òjò tún lè dí i lọ́wọ́, ọmọ tí iná ń jó lára ẹ̀ báyìí, kí ló fẹ́ máa ṣe láwọn alẹ́ tó kù? Bàínókúlà ò lè fi òrùka Saturn hàn án. Tí agbára bá ká a, kí wọ́n wá èyí tó ń lo jígí, 114mm tàbí 130mm, irú èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì, kò ní ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. 130mm ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ju ìlọ́po mẹ́rin ti 60mm lọ.

Ẹ sì fi Stellarium, áàpù tó ń sọ orúkọ ìràwọ̀, sórí fóònù, ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀. NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, náà ní èyí tó ń sọ ìgbà tí ISS, ilé tí àwọn èèyàn ń gbé lójú òfuurufú, máa gba orí wa kọjá, ọmọdé fẹ́ràn ìyẹn gan-an torí èèyàn wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, látoṣù Kọkànlá 2000 kò tíì ṣófo rí. Ó ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90, tó bá ń kọjá lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀, ó máa ń mọ́lẹ̀ ju gbogbo ìràwọ̀ lọ, kì í ṣẹ́jú, kì í pariwo.

Olùkọ́ Fíṣíìsì (Ọ̀jọ́ọ̀)

Káyọ̀dé, o sọ òótọ́ nípa 130mm yẹn, mi ò bá ẹ jà. Mo kàn ní kí wọ́n wá fojú ba irú ẹ̀ lórí pápá kí wọ́n tó ná owó ọmọ sílẹ̀ ni. Ti áàpù ni mo máa tún sọ. Kọ́ńpáàsì fóònù máa ń ṣìnà tó bá súnmọ́ irin, géètì, mọ́tò, pánù, á máa pe ìràwọ̀ kan ní òmíràn. Kí ọmọ mọ bí ìràwọ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lórí ná, tí áàpù bá wá parọ́ á mọ̀.

Ẹ má sì gbàgbé Geminids, àwọn ìràwọ̀ tó ń já, òru ọjọ́ 13 mọ́ 14 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún. Kò gba irinṣẹ́ kankan, ẹní àti sùúrù ni. Láti bí aago mẹ́wàá lọ.

Álífà Ọjà'ba

Àwa tá a máa ń wá oṣù ààwẹ̀ náà wà níbí o. Oṣù tuntun níbí máa ń dùbúlẹ̀ gbalaja ni, ìwo ẹ̀ méjèèjì á kọjú sókè, kì í nàró bó ṣe wà nínú àwòrán àwọn ará ilẹ̀ tútù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín máa wá a ní gbogbo oṣù, kì í ṣe ti Ramadan nìkan, ojú á mọ́ ọn lára. Tí Àgùàlà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ó máa ń rọrùn láti rí.

Bàbá Àníkẹ́ (Apátá)

Mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sétí Àníkẹ́, ó ti lọ wá ẹ̀sásááìsì. Ìyá ẹ̀ tó ní òun ò bá wa lọ ti ń béèrè pé ṣé àwọn obìnrin máa ń pọ̀ níbẹ̀. Mo máa lọ wo bàínókúlà tòkunbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, mo máa yẹ̀ ẹ́ wò bẹ́ ẹ ṣe sọ. Ó ku kékeré kan: Sátidé wo ló dáa jù fún ẹni àkọ́kọ́, kí la sì máa mú dání?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà

A pọ̀ dáadáa, kí ìyá wọn máa bọ̀. Sátidé tó bá súnmọ́ ìgbà tí òṣùpá tó ń dàgbà di ìdajì ni ti àwọn àlejò, Sátidé tí kò sí òṣùpá rárá ni ti àwọn tó ń wá ìràwọ̀ jíjìn, ìyẹn lè dúró dìgbà mìíràn. Ẹní kan, omi, sẹ́wẹ́tà fún ọmọ torí ìrì máa ń sẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ ti wé. Ẹ dé kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù, kẹ́ ẹ lè rí bí wọ́n ṣe ń to àwọn nǹkan náà. Mo ti fi ọ̀nà ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì pe ẹni tó ń ṣàkóso ní ọ̀sán ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó gbéra, torí tí ìkuukùu bá ti dí, wọ́n á sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.